Ẹ Má Tíì Fọ́ Ìgò Náà

Bí ẹ bá rí ẹnì kan tí ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ààtàn ní ọ̀sán gangan, tí ó ń fi igi tú ilẹ̀, tí ó ń yọ ìgò ẹlẹ́rẹ̀ jáde, tí ó sì ń nù ún mọ́ aṣọ ara rẹ̀, kí ni ẹ ó kọ́kọ́ sọ? Mo mọ ohun tí ẹ ó sọ, nítorí pé wọ́n ti sọ ọ́ sí èmi náà. Ní ilẹ̀ wa, wèrè ni a mọ̀ tí í ṣa pàǹtí lórí ààtàn. Ẹni tí orí rẹ̀ pé, tí ó tún ń kàwé ní Yunifásítì, kí ni yóò máa fi ìgò ẹlẹ́gbin ṣe? Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ń gbé yàrá tilẹ̀ bi mí bóyá kí òun ránṣẹ́ sí àwọn ará ilé mi. Ẹ̀fẹ̀ ni ó ń ṣe o, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ẹ̀fẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ sọ nínú ìwé ìròyìn wa ti ọdún yìí kò ju méjì lọ. Èkíní ni pé ìgò àtijọ́ tí ń bẹ nínú ilẹ̀ Ìlọrin jẹ́ ara ìtàn ìlú yìí, a sì ń fọ́ ọ lójoojúmọ́ láìbi í léèrè ọ̀rọ̀ kan. Èkejì lè máà dùn mọ́ àwọn tí ó fẹ́ràn irú eré yìí nínú: ẹni tí ó fi ìwọra hú ìgò náà jáde, tí ó gbé e sórí tábìlì, tí kò sì mọ ohun mìíràn nípa rẹ̀ ju pé ó lẹ́wà lọ, òun àti ẹni tí ó fọ́ ọ, ẹgbẹ́ kan náà ni wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Agbo ilé ìyá mi wà ní Pákátà. Nígbà ọyẹ́ tí ó kọjá, wọ́n gba àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta láti gbẹ́ ihò sókàwéè sí ẹ̀yìnkùlé, níbi tí àwọn àgbà ilé sọ pé ààtàn ni tẹ́lẹ̀ rí. Bí wọ́n ti gbẹ́ ẹ kọjá ìbàdí ènìyàn, ilẹ̀ yí àwọ̀ padà, ó dúdú, ó rọ̀ bí eérú. Àfọ́kù ìkòkò ni ó kọ́kọ́ ń jáde, àti egungun ẹran, àti èédú. Lẹ́yìn náà ni ìgò bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Àwọn tí ń gbẹ́lẹ̀ kò bèèrè ohunkóhun. Èyí tí díígà bá kàn, ó fọ́ nìyẹn; èyí tí kò bá fọ́, wọ́n á jù ú sórí òkìtì yẹ̀pẹ̀, yóò sì fọ́ níbẹ̀. Ọmọdékùnrin kan nínú ilé ṣa mélòó kan jọ láti tà fún àwọn tí ń ra ìgò kiri. Ẹni tí ó wá wò wọ́n kọ̀ wọ́n, ó ní òun kò mọ ẹni tí yóò rà wọ́n lọ́wọ́ òun, nítorí pé kò sí ilé iṣẹ́ ọtí tàbí ti ohun mímu kankan tí ń lo irú wọn mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn náà padà sórí òkìtì.

Ẹyọ kan ṣoṣo ni mo rí gbà sílẹ̀ lódidi. Ìgò onígun mẹ́rin ni, àwọ̀ rẹ̀ dà bí ewé tí ó ti ń gbó lọ, èjìká rẹ̀ fẹ̀ ju ìdí rẹ̀ lọ, ọrùn rẹ̀ sì kúrú bí ẹni pé wọ́n fi agbára tẹ̀ ẹ́ wọlé. Nígbà tí mo gbé e sókè sí oòrùn, mo rí èéfín kéékèèké tí ó há sínú díńgí náà bí ẹyin ẹja. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ ìgò ti wọ̀ mí lára.

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ọjọ́ orí ìgò, ara ìgò náà ni kí ó kọ́kọ́ wò. Ìlà tín-ín-rín kan máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgò, níbi tí abala méjèèjì irin tí wọ́n fi mọ ọ́n ti pàdé. Bí ìlà náà bá gùn títí dé ẹnu ìgò, ẹ̀rọ ni ó ṣe é, kò sì lè dàgbà jù. Ní nǹkan bí 1903 ni ará Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Michael Owens jẹ́ kí ẹ̀rọ tí ń ṣe ìgò láti ìdí dé ẹnu bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bí ìlà náà bá dúró sí ọrùn, ọwọ́ ènìyàn ni ó mọ ẹnu ìgò náà mọ́ ọn lọ́tọ̀. Bí kò bá tilẹ̀ sí ìlà rárá, tí ìdí rẹ̀ sì ní àpá págunpàgun níbi tí wọ́n ti ṣẹ́ irin kúrò, ẹnu ni wọ́n fi fẹ́ ẹ, àgbàlagbà ni. Lẹ́yìn èyí ni a óò wá wo lẹ́tà tàbí àwòrán ara rẹ̀. Ìgò onígun mẹ́rin irú tèmi ni wọ́n fi ń kó jíìnì wá sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà láti Họ́láńdì àti Jámánì. Wọ́n ṣe é ní onígun mẹ́rin kí wọ́n lè tò ó pinpin sínú àpótí igi. Ilé iṣẹ́ Henkes ti Delfshaven ní Họ́láńdì wà lára àwọn tí orúkọ wọn pọ̀ jù lọ lára irú ìgò bẹ́ẹ̀, àwòrán ẹyẹ àkọ̀ sì ni àmì tiwọn. Òpìtàn kan, Dmitri van den Bersselaar, ti kọ odidi ìwé lórí bí ọtí yìí ṣe kúrò ní ọjà òyìnbó lásán tí ó sì di ohun ìbílẹ̀ lọ́wọ́ wa. Ní 2007 ni ìwé náà jáde. Ẹni tí ó bá ti bá wọn lọ sí ìdána, tàbí tí ó ti rí baálé kan tí ń ta ọtí sílẹ̀ fún àwọn bàbá ńlá rẹ̀, yóò mọ ohun tí ó ń sọ.

Èyí ni ìwé kọ́ mi. Ohun tí ìwé kò lè kọ́ mi, ẹ̀gbọ́n ìyá ìyá mi ni ó kọ́ mi, tí gbogbo ilé ń pè ní Ìyá Alhájà. Mo gbé ìgò náà lọ bá a níbi tí ó jókòó sí lórí ẹní.

"Ẹ kú ìsinmi, Ìyá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wo ìgò yìí."

Ó gbà á, ó yí i lọ yí i bọ̀, ó fi àtàǹpàkò ra ẹnu rẹ̀. "Níbo lo ti rí èyí?"

"Nínú ihò tí wọ́n ń gbẹ́ lẹ́yìn ilé ni, Ìyá."

"Irú èyí ni Bàbá wa fi ń gba hàǹtú."

Èmi tí mo ti ka ìwé, n kò lè pa ẹnu mọ́. "Ṣùgbọ́n ìgò ọtí ni, Ìyá."

Ó gbójú sókè. "Ọtí? Ta ló mutí? Ṣé bàbá mi lo ń pè ní ọ̀mùtí, ìwọ ọmọ yìí?"

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ó tó rẹ́rìn-ín. "Dìde. Òfìfo la máa ń rà á lọ́jà. Àwa kò mọ ohun tó ti wà nínú rẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ìyá mi á fi iyanrìn àti omi gbígbóná fọ̀ ọ́, á fi ọsàn wẹ́wẹ́ ṣàn án, á wá sá a sóòrùn. Nígbà tó bá gbẹ tán, alfa lè rọ hàǹtú sí i."

Fún àwọn òǹkàwé wa tí kì í ṣe ọmọ Ìlọrin, hàǹtú ni omi tí a fi fọ ayọkà Kùránì tí alfa kọ sára wàláà, tí aláìsàn tàbí ẹni tí ó ní ìdí kan pàtàkì yóò mu. Ẹ wá wo nǹkan! Ìgò tí wọ́n fi kó jíìnì wá láti òkè òkun ni ó di ohun tí wọ́n ń rọ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run sí ní ilé mùsùlùmí. Ká ní n kò bi Ìyá Alhájà ni, ká ní mo kàn kọ ọ́ sílẹ̀ pé mo rí ìgò jíìnì ní agbo ilé báyìí, ẹni tí ó bá ka ìwé mi ní ọgọ́rùn-ún ọdún sí i yóò sọ pé ọ̀mùtí ni àwọn bàbá ńlá mi. Irọ́ ni yóò máa pa, ìgò gidi ni yóò sì fi ṣe ẹ̀rí.

Ọ̀rọ̀ yìí tún jinlẹ̀ jù báyìí lọ ní Ìlọrin ju ní Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta, ìdí rẹ̀ nìyí. Ní 1897 ni àwọn ọmọ ogun Royal Niger Company ṣẹ́gun Ìlọrin. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá Àríwá Nàìjíríà sílẹ̀ ní 1900, tí Lugard sì jẹ́ olórí rẹ̀, abẹ́ Àríwá ni wọ́n fi Ìlọrin sí. Ní Àríwá, òfin kò gba kí a ta ọtí líle tí ó ti òkè òkun wá fún ọmọ ìbílẹ̀, ní ìbámu pẹ̀lú àdéhùn tí àwọn ìjọba Yúróòpù ṣe ní Brussels ní 1890. Ṣùgbọ́n ní Èkó, jíìnì wà lára ọjà tí ó pọ̀ jù lọ tí ọkọ̀ ojú omi ń já sílẹ̀, owó orí rẹ̀ sì jẹ́ apá ńlá nínú owó tí ìjọba ibẹ̀ ń pa. Ọtí tí ìjọba òyìnbó kan náà ń fi gúúsù jẹun ni ó kà léèwọ̀ ní Ìlọrin. Ní 1908 ni reluwé dé Ìlọrin láti Èkó. Ní 1919, àdéhùn mìíràn, èyí tí wọ́n ṣe ní Saint-Germain ní ilẹ̀ Faransé, fòpin sí kíkó ọtí líle olówó pọ́ọ́kú wọ ilẹ̀ wa pátápátá. (Àwọn tí ń pọn ògógóró nìkan ni kò gbọ́, bí a bá fẹ́ sọ òótọ́.)

Nítorí náà, gbogbo ìgò onígun mẹ́rin tí a bá rí nínú ààtàn Ìlọrin, ìbéèrè ni. Ṣé kí 1900 tó dé ni ó ti wọ̀lú, nígbà tí àwọn oníṣòwò ń ti Èkó gòkè wá pẹ̀lú ẹrù lórí? Ṣé ó gba ẹ̀yìn òfin wọlé? Àbí òfìfo ni ó wá, tí wọ́n fi rọ epo láti ìlú gúúsù, tí ẹnikẹ́ni kò sì mu ẹ̀kán ọtí kan nínú rẹ̀ ní Ìlọrin? Ìgò náà fúnra rẹ̀ kò lè dáhùn. Ohun tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú ilẹ̀ ni yóò dáhùn. Bí ó bá wà pẹ̀lú ogún ìgò irú rẹ̀ àti kọ́ọ̀kì wọn, ìtàn kan nìyẹn. Bí ó bá wà ní òun nìkan láàárín ìkòkò àdín, òmíràn nìyẹn.

Ohun mìíràn tún wà tí mo rò pé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa kò tíì ronú kàn. Ìkòkò kì í ní déètì lára. Àwọn ìyá wa tí ń mọ ìkòkò ní Èbu Dàda ní Òkèlele kì í kọ ọdún sí ìdí ìkòkò, àwọn tí ó ṣáájú wọn kò sì kọ ọ́. Òkúta pupa tí àwọn oníṣẹ́ làǹtànà gé kù kò ní déètì. Iṣẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ làǹtànà yìí ti sọ Ìlọrin di olókìkí rí. Àwọn tí ó sá wá nígbà tí Ọ̀yọ́-Ilé ń tú ni ó mú un wá, J. D. Clarke sì kọ nípa rẹ̀ ní 1938 nínú ìwé àtìgbàdégbà tí a ń pè ní Nigeria, Ann O'Hear náà tún kọ nípa rẹ̀ ní 1986. Iṣẹ́ náà ti kú. Ohun tí ó ṣẹ́ kù nínú rẹ̀ ni ìlẹ̀kẹ̀ tí àwọn ìdílé kan tọ́jú, àti ẹrún òkúta tí àwọn oníṣẹ́ gbá dànù sórí ààtàn. Ìgò ni ó ní déètì. Bí a bá rí ìgò tí a mọ ìgbà tí wọ́n ṣe é nínú ilẹ̀ kan náà pẹ̀lú àfọ́kù ìkòkò àti ẹrún làǹtànà, tí ẹnikẹ́ni kò sì tíì da ilẹ̀ náà rú, ìgò yẹn ni yóò jẹ́ kí a mọ ìgbà tí àwọn yòókù dé ibẹ̀. Ìgò òyìnbó a wá di kàlẹ́ńdà iṣẹ́ ọwọ́ Yorùbá. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti fà á yọ, tí mo gbé e lọ sí yàrá mi ní Tánkè, kàlẹ́ńdà náà ti ya.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé mo ń sọ àsọdùn. Ẹ jẹ́ kí a lọ sí Ilé-Ifẹ̀, níbi tí a ti mọ̀ dájú ohun tí ìwọra ọwọ́ lè bàjẹ́. Igbó kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Igbó Olókun. Ìlẹ̀kẹ̀ díńgí kún inú ilẹ̀ rẹ̀, ó sì pẹ́ tí àwọn ènìyàn ti ń gbẹ́ ibẹ̀ láti wá a, láti lò ó àti láti tà á. Nígbà tí Frobenius, ará Jámánì, dé ibẹ̀ ní 1910, ihò tí wọ́n ti gbẹ́ ni ó bá kiri inú igbó, òun náà sì gbẹ́ tirẹ̀ kún un. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ọ̀mọ̀wé fi sọ pé àwọn ará Ifẹ̀ kò dá díńgí ṣe, pé díńgí àwọn ará òkèèrè ni wọ́n ń yọ́ tí wọ́n sì ń fi ṣe ìlẹ̀kẹ̀. Ta ni yóò já wọn nírọ́, nígbà tí wọ́n ti da ilẹ̀ rú, tí ìlẹ̀kẹ̀ sì ti fọ́n ká ayé?

Ní 2011 àti 2012 ni ọmọ wa kan, Ọ̀mọ̀wé Abídèmí Babátúndé Babalọlá, lọ wá ibi tí ó ṣì gún nínú igbó náà, ó sì gbẹ́ ẹ ní ìwọ̀n-ìwọ̀n, ó ń sẹ́ yẹ̀pẹ̀, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ tí ó rí lé ní 12,000. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìlẹ̀kẹ̀ nìkan ni ó gbà wá lẹ́jọ́. Àfọ́kù ìkòkò tí wọ́n fi yọ́ díńgí àti kán-ún-kàn-ùn-kán díńgí tí ó kán sílẹ̀ nígbà iṣẹ́, pàǹtí pọ́ńbélé, ni ó jẹ́ ẹ̀rí jù lọ. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, ohun tí ó wà nínú díńgí náà kò bá ti ibòmíràn mu. Ilẹ̀ Ifẹ̀ ni ó ti wá. Àwọn bàbá wa ṣe díńgí fúnra wọn kí ọkọ̀ òyìnbó kan tó fojú kan etíkun wa. Ẹ rò ó wò bí àwọn tí ń wá ìlẹ̀kẹ̀ bá ti gbẹ́ ìwọ̀nba ibi tí ó kù yẹn náà.

Ọ̀rọ̀ Bídà tún wà níbẹ̀. Bí a bá ti Ìlọrin kọjá Jẹ́bà, tí a kọjá Mọ́kwà, a óò dé Bídà ní ilẹ̀ Nupe, níbi tí àwọn Masagá ti ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀ àti ẹ̀gbà díńgí láti ayébáyé. Díńgí dúdú kan wà tí àwọn fúnra wọn ń ṣe rí, tí wọ́n ń pè ní bíkíní, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ìgò òyìnbó ti pọ̀, ìgò ni wọ́n ń yọ́. Ìgò bíà aláwọ̀ ewé yóò di ìlẹ̀kẹ̀ aláwọ̀ ewé. Mo bọlá fún iṣẹ́ wọn o, ó wù mí púpọ̀, ìlẹ̀kẹ̀ wọn kan tilẹ̀ wà lọ́rùn àbúrò mi obìnrin. Mo kàn ń ronú nípa iye ìgò àtijọ́ tí ó ti gba inú iná yẹn lọ láìsí ẹni tí ó ka lẹ́tà ara wọn.

Ọ̀kan nínú àwọn àgbà tí mo bá sọ̀rọ̀ yìí sọ fún mi pé, "Ìdọ̀tí òyìnbó lò ń kó jọ. Lọ wá ohun Yorùbá." Pẹ̀lú ọ̀wọ̀, n kò gbà. Ẹ lọ sí ọjà Ìpàtà, kí ẹ wo ohun tí wọ́n fi ń wọn epo pupa, òróró àti oyin. Ẹ wo ẹ̀pà yíyan tí àwọn ọmọ ń tà lẹ́bàá títì. Ẹ wo àfọ́kù ìgò tí wọ́n gún mọ́ orí ògiri nítorí olè, àti èyí tí wọ́n so mọ́ ẹnu ọ̀nà oko ní ààlè. Inú ìgò ni àgbo wà, inú ìgò ni hàǹtú wà. Ta ni yóò lọ bá ìyá tí ń ta epo ní ìgò-ìgò, kí ó sọ fún un pé ohun òyìnbó ni ó fi ń wọn ọjà? Ohun tí a bá fi ọwọ́ wa lò fún ọgọ́rùn-ún ọdún ti di tiwa. Àti pé ìlú wo ni ó yẹ kí ó mọ èyí ju Ìlọrin lọ, ìlú tí orúkọ rẹ̀ ti ara òkúta lásán jáde, òkúta ìlọ irin tí ó wà ní Ìdí-Àpé, tí àwọn ọdẹ ń pọ́n irin wọn lé lórí? Bí ẹnì kan bá ti gbé òkúta náà fi ṣe ìpìlẹ̀ ilé ńkọ́?

Ní òkè òkun, láti nǹkan bí 1960 ni wíwú ìgò àtijọ́ ti di eré ìdárayá ńlá ní Amẹ́ríkà àti Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ń gbẹ́ ààtàn àtijọ́, wọ́n ń gbẹ́ ṣaláńgá tí wọ́n ti dí pa, wọ́n ń tà, wọ́n ń rà, wọ́n ń fi hàn ara wọn. Èmi kò fẹ́ kí a gba eré yẹn bí ó ti wà. Lákọ̀ọ́kọ́, òfin tiwa kò gbà á. Òfin tí ó dá Àjọ Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé sílẹ̀, Dìkírì 77 ti 1979, sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbẹ́lẹ̀ wá ohun ìṣẹ̀ǹbáyé láìgba ìwé àṣẹ. Mo mọ̀ pé agbẹjọ́rò lè jiyàn pé ìgò Họ́láńdì kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ ìbílẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀. Àfọ́kù ìkòkò tí ó yí i ká ńkọ́? Ìpínlẹ̀ Kwara yìí kan náà ni Èsìẹ́ wà, níbi tí wọ́n ti rí ère òkúta tí ó lé ní 800, tí wọ́n sì kọ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà sí ní 1945. Títí di òní, àwọn ọ̀mọ̀wé ń jiyàn lórí ẹni tí ó gbẹ́ àwọn ère náà. Kò yẹ kí àwa tún dá irú ìṣòro bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ mọ́wọ́ ara wa.

Nítorí náà, ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò gba ṣọ́bìrì. Ìlọrin ń gbẹ́ ara rẹ̀ lójoojúmọ́. Wọ́n ń gbẹ́ sókàwéè, kànga, ìpìlẹ̀ ilé àti gọ́tà. Òjò sì ń ṣí bèbè odò Asà sílẹ̀ lọ́dọọdún. Ibi tí ẹlòmíràn bá ti ń gbẹ́lẹ̀ ni kí a lọ dúró sí. Kí a kọ́kọ́ kí baálé ilé, kí a sọ ohun tí a wá ṣe, kí a sì ra omi tútù fún àwọn tí ń ṣiṣẹ́, nítorí pé ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ kò ní dá díígà dúró nítorí ìgò. Kí a kọ orúkọ agbo ilé náà sílẹ̀, kí a kọ bí ó ti jìn tó, bóyá ó dé orúnkún ni tàbí ó dé àyà, àti ohun tí ó jáde pẹ̀lú rẹ̀. Gbogbo wa ni a ní fóònù tí ń ya àwòrán. Kí a yà á nígbà tí ó ṣì wà nínú ilẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí a gbé e lọ bá àgbà inú ilé náà kí a tó fọ̀ ọ́, kí a sì kọ ohun tí ó bá sọ sílẹ̀ bí ó ti sọ ọ́. Èyí ni ó ká mi lára jù, nítorí pé ìgò lè tún dúró nínú ilẹ̀ fún igba ọdún, ṣùgbọ́n Ìyá Alhájà ti lé ní àádọ́rùn-ún.

Ẹ má ṣe ti ọwọ́ lásán bọ inú ihò o; ìgò tí ó fọ́ lábẹ́ ilẹ̀ mú ju abẹ lọ, tẹ́tánọ́sì kò sì mọ akẹ́kọ̀ọ́. Bí ẹ bá sì rí èyí tí wọ́n fi òwú wé lọ́rùn, tí wọ́n dí lẹ́nu pa, ẹ fi sílẹ̀, kí ẹ pe àgbà ilé. Àwọn kan yóò ní ìbẹ̀rù lásán ni. Èmi ní kì í ṣe tiwa láti ṣí, yálà a bẹ̀rù tàbí a kò bẹ̀rù.

Mo sì ń bẹ àwọn olóyè ẹgbẹ́ wa pé kí wọ́n bá Ẹ̀ka Ẹ̀kọ́ wa tọrọ pẹpẹ kan ṣoṣo àti ìwé ńlá kan tí a óò máa kọ ọ̀rọ̀ àwọn ìgò náà sí. Kò gba owó púpọ̀. Ohun tí a bá gbé síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má tà á, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tí ó ń rà á wá láti Èkó pẹ̀lú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́.

Kí n parí ìtàn sókàwéè náà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n gbẹ́ ẹ tán, mo sọ̀kalẹ̀ sínú ihò náà pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Ọrùn ìgò mẹ́rin yọ lára ògiri ihò náà, mẹ́ta onígun mẹ́rin, ọ̀kan roboto, àti ohun pupa kékeré kan láàárín wọn tí ó ń dán. Mo gòkè, mo bẹ ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin pé kí ó fún mi ní ọjọ́ méjì péré kí n lè lọ pe ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà. Ó wò mí títí. "Ṣé orí ìgò la ó máa ṣe gáà sí fún ọjọ́ méjì náà ni?" Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kí n tó jí, wọ́n ti to búlọ́ọ̀kù bò wọ́n.

Ilé tí ó kọjú sí tiwa yóò gbẹ́ tiwọn lẹ́yìn òjò. Mo ti lọ kí baálé ibẹ̀.